Èdè tuntun ti dé, oníbodè cloud ò tíì ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Ṣàkẹ́tẹ́, ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tó wà lápá Togo ní Atakpamé. 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ pọ́gíráàmù fún kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ti pọ̀ sí i láàárín wa báyìí, kò sì sí ìlú kan tí a dárúkọ sókè yìí tí ẹ ò ní rí méjì mẹ́ta níbẹ̀. Ìṣòro kan wà tó ń bá wọn fínra. Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ọ́n, àwọn olùkọ́ mìíràn gan-an ò mọ̀ ọ́n. A rí i pé ó yẹ kí a sọ ọ́ ní èdè wa, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá.

Àwọn ọmọ wa mẹ́ta kan jókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ ran àwọn ìyá wa tó ń ta àgbàdo lọ́wọ́. Ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Ìyá á ra àgbàdo ní àwọn abúlé tó yí Kétu ká, á sanwó ọkọ̀, á di ẹrù, ó di ìgbà tó bá dé Àjàṣẹ́ kó tó mọ iye tí ọjà ń lọ. Bí owó rẹ̀ bá ti já wálẹ̀, kò lè kó ẹrù padà. Àwọn ọmọ náà wá kọ pọ́gíráàmù kékeré kan. Ìyá á fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ méjì péré ránṣẹ́, «àgbàdo Àjàṣẹ́», pọ́gíráàmù á sì dá a lóhùn pẹ̀lú iye tí wọ́n tà á lọ́jà tó kọjá. Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣe é, lálẹ́ lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ilé-ìwé. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ni Python, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A rí i, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá gbé e lọ sórí pèpéle cloud kan tó máa ń gba iṣẹ́ kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe débẹ̀ ló kú. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ jáde ni pé àṣìṣe wà ní ìlà báyìí báyìí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá àṣìṣe náà. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà. Èyí tó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá òun ò ní ọpọlọ iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n rí i pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n lò, «match», tó ń jẹ́ kí pọ́gíráàmù yẹ ọ̀rọ̀ tó wọlé wò kó sì mọ irú èyí tó jẹ́. Python 3.10 ló mú ọ̀rọ̀ yẹn wá. Python 3.10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Pèpéle tí wọ́n gbé e lọ ṣì wà lórí 3.9, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti sọ ìgbà tí 3.10 máa dé.

Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un kọ. Kí wọ́n tó parí, ìgbà tí àgbàdo ń wọ́ lọ sọ́jà ti kọjá. Àwọn ìyá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ó di àmọ́dún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń dúró de àmọ́dún.

Fún ẹni tí kò mọ̀, kí ni wọ́n ń pè ní cloud, tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní nuage ní èdè Faransé? Kì í ṣe ohun tó wà lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tó wà nínú ilé ńlá kan níbòmíràn, tí wọ́n ń yá ọ lò. Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé àgbàdo lọ sí ilé ọlọ́lọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni àgbàdo, òun ló ni ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbé irú ọkà tuntun kan lọ, tí ọlọ́lọ̀ ò tíì ra ohun èlò tí ẹ̀rọ rẹ̀ á fi lọ̀ ọ́, ẹ máa gbé ọkà yín padà sílé ni. Kì í ṣe pé ọkà yín bàjẹ́. Ẹ̀rọ ni kò tíì bá a dé.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè kọ̀ǹpútà ṣe rí. Àwọn tó ń ṣe èdè wọ̀nyí máa ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde lóòrèkóòrè. Ẹ̀yà tuntun máa ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wá, ó máa ń yára sí i, ó sì máa ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, ọjọ́ tó bá jáde lo lè gbà á. Lórí cloud, o máa dúró de ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Báwo ni ìdúró náà ṣe máa ń pẹ́ tó? Ẹ jẹ́ kí a wo Lambda ti Amazon, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ayé ń lò jù, ọjọ́ gbogbo rẹ̀ sì wà ní gbangba. Python 3.9 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Lambda gbà á. Oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Python 3.10 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ló wọ Lambda. Oṣù méjìdínlógún! Kí ó tó wọlé, àbúrò rẹ̀, 3.11, ti jáde láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Java 17 náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó di oṣù kẹrin ọdún 2023 kó tó wọlé.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ 3.10 yìí tó dùn wá. Nígbà náà, àwọn tó ń ṣe Python máa ń tún àṣìṣe inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe fún bí ọdún kan àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ààbò nìkan ni wọ́n máa ń bójú tó títí ọdún márùn-ún á fi pé. Oṣù kẹrin ọdún 2023, tí Lambda gba 3.10 wọlé, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣe àtúnṣe ìkẹyìn irú èyí fún un. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí àlejò wọlé ni àwọn ará ilé rẹ̀ dẹ́kun àtitún aṣọ rẹ̀ rán.

Amazon nìkan kọ́. Google ṣí App Engine ní ọdún 2008 pẹ̀lú Python 2.5. Ọdún yẹn náà ni Python 3 jáde. Ó di ọdún 2018 kí irú App Engine tí wọ́n ń pè ní Standard tó gba Python 3. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Python 3 jáde ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

A ò ní jẹ́ aláìṣòótọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fa gbogbo ìdúró yìí. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Èdè tuntun ò lè dá dúró, orí ohun mìíràn ló máa ń jókòó lé. Python 3.10, fún àpẹẹrẹ, sọ pé òun ò lè bá OpenSSL tó kéré sí 1.1.1 ṣiṣẹ́ mọ́. OpenSSL yìí ló ń ti ọ̀rọ̀ mọ́nú àpótí kí olè má lè kà á lójú ọ̀nà. Amazon Linux 2, tí Lambda ń lò nígbà náà, 1.0.2 ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò lè gbé òrùlé tuntun lé ògiri tí kò lè gbé e, ògiri lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dán ohun èlò tiwọn wò pẹ̀lú ẹ̀yà tuntun. Àwọn ohun èlò àwọn ẹlòmíràn tí gbogbo ayé gbára lé, bíi NumPy, náà gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀yà tó bá a mu. Bí wọ́n bá sì ti gbà á wọlé, ọrùn wọn ni ààbò rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oníbodè tó bá ṣílẹ̀kùn láìwo ẹni tó ń bọ̀, gbogbo ìlú ló fi wewu. Àwa ará Kétu tí a ní Àkàbà Ìdènà mọ ìdí tí ìlú fi ń ní ẹnu-ọ̀nà.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la wá ń bínú sí?

Ohun méjì. Èkíní ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yà tuntun kì í dédé já lu ènìyàn. Láti orí 3.9, oṣù kẹwàá ọdọọdún ni Python tuntun máa ń jáde, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀yà ìdánwò jáde, láti ìgbà yẹn lọ wọn kì í fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un mọ́. Àlejò tó ti ránṣẹ́ ní oṣù márùn-ún ṣáájú pé òun ń bọ̀, ṣé ọjọ́ tó bá kan ilẹ̀kùn ló yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹní? Bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dá ọjọ́. Kí wọ́n ní «ẹ máa retí wa lóṣù kẹta». Ọjọ́ tó jìn sàn ju àìmọ ọjọ́. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ ò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́ lè padà sóko. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣáà máa retí, ojú títì ló máa sùn mọ́.

Èkejì ni pé wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lápá méjèèjì. Ẹ̀yà tuntun ń pẹ́ kó tó wọlé, àmọ́ bí ìgbà ẹ̀yà àtijọ́ bá ti pé, wọ́n á kọ lẹ́tà pé kí o kó kúrò. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀yà Python kọ̀ọ̀kan ń lò láyé. 3.10 máa parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tó lò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní ọdún márùn-ún gbáko. Ẹni tó dúró dè é lórí Lambda ní ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ogún òṣìṣẹ́ lè fara dà á. Ọmọ mẹ́ta tó ń fi alẹ́ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ló ń san ọdún kan àbọ̀ yẹn.

Àwọn kan á sọ pé: «Kí ló kàn yín pẹ̀lú tuntun? Ẹ lo ti àtijọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.» Òótọ́ wà nínú rẹ̀, a sì máa padà sí i. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò ní ilé-ìkàwé tó kún fún ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tó rí níbẹ̀, ẹ̀yà tuntun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà, tuntun ló máa gbé wá bó bá ní kó gbé Python wá. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ibi tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ ò tíì gbọ́ èdè tó ń kọ́. Nígbà tó bá kọsẹ̀, kò ní ọ̀gá tó máa sọ fún un pé «kì í ṣe ẹ̀bi rẹ». Ó máa rò pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa wá lára jù.

Ohun tó jẹ́ kí a lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgboyà ni pé wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Java 21 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, oṣù kọkànlá ọdún yẹn ló wọ Lambda. Python 3.12 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó wọlé ní oṣù kejìlá. Python 3.13 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó wọlé ní oṣù kọkànlá, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Ẹnu-ọ̀nà kan náà tó gba oṣù méjìdínlógún tẹ́lẹ̀ nìyẹn. A yìn wọ́n fún un. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká sọ pé ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ó tún fi hàn pé ìdúró ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n fi í sí ohun àkọ́kọ́, ó yára. Gbogbo pèpéle yòókù tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kò ní àwíjàre mọ́.

Nígbà tí a ń dúró dè wọ́n, kí ni kí àwa fúnra wa ṣe? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí a gba àwọn ọmọ wa nímọ̀ràn báyìí.

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ lọ wo ibi tí iṣẹ́ yín máa gbé. Ọ̀pọ̀ pèpéle ló ní ojú-ìwé kan tó to àwọn ẹ̀yà tó ń gbà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa yọ èyí tó ti gbó. Ẹ kà á. Ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà yín. Python gbà kí ẹ̀yà méjì mẹ́ta wà lórí ẹ̀rọ kan láìjà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá fi ṣe èyí lè gba ọjọ́ mẹ́ta là fún yín. Bí àwọn ọmọ wa bá ti ṣe é ni, ìyá àgbàdo ì bá ti rí ìdáhùn rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Èkejì, ẹ má sá tẹ̀lé tuntun nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Bí ẹ̀yà tó jáde lọ́dún tó kọjá bá ṣe ohun tí ẹ fẹ́, tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì pé, ẹ lò ó. Ẹ má sì wá dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi lé yín jáde. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jókòó, ẹ dán iṣẹ́ yín wò pẹ̀lú ẹ̀yà tó kàn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ kọ́ bí a ti ń lo àpótí tí wọ́n ń pè ní container. Docker ló jẹ́ kí ó gbajúmọ̀ láti ọdún 2013. Nínú àpótí yìí, ẹ máa di iṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ èdè tó ń sọ, ẹ máa gbé méjèèjì lọ. Ẹni tó gbé ọlọ tirẹ̀ lọ́wọ́ kò wá ọlọ́lọ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Lambda náà ti ń gba irú àpótí yìí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Àpótí wúwo, ó lè ga tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì, ẹ sì mọ iye tí à ń ra dátà níbí. Ààbò èdè tó wà nínú rẹ̀ náà, ọrùn yín ló bọ́ sí. Bí ihò bá là nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dí i, kì í ṣe wọn. Nítorí náà, a ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé nígbà tí container ti wà, kí a má bínú mọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni, kì í ṣe ìdáláre fún oníbodè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní Python tàbí Java, ẹ sọ fún un pé èdè kọ̀ǹpútà ní ẹ̀yà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá Kétu àti Yorùbá Ìjẹ̀bú ṣe jẹ́ Yorùbá kan náà, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan lè wà níhìn-ín tí wọn ò mọ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí kò ní fi ẹ̀bi pèpéle da ara rẹ̀.

Sí àwọn tó ni pèpéle, àwọn ọmọ wa náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú òkèèrè lè bá wa jẹ́ iṣẹ́ yìí: a ò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀fẹ́, a ò sì ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún ohun tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò. Ohun tí à ń béèrè ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yà ìdánwò bá jáde, kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ọmọ tó wà ní Kétu lè rí i. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ẹ sọ pé ó yẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹ̀rọ yín ń kọ jáde ṣe kedere. Dípò «àṣìṣe wà ní ìlà báyìí», ẹ jẹ́ kó sọ pé «ọ̀rọ̀ yìí nílò ẹ̀yà 3.10, 3.9 la ní». Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ì bá ti gba ọjọ́ mẹ́ta là, ì bá sì ti gba ọkàn ọmọ kan là.

Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń bọ̀ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu èyí tó kéré jù báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ wá, ni: «Ẹ̀yà wo ló wà níbi tí a ń gbé e lọ?» A máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ a mọ iye tó ná an kó tó mọ̀ ọ́n bi.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Atakpamé tàbí níbikíbi, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún wa, ní èdè wa, kí àwọn àbúrò lè kà á kí wọ́n má baà tún inú kòtò kan náà kó sí.